TA NI Ó NI ỌMỌ? ÌTÀN ÌKỌ̀SÍLẸ̀ ÀTI IPÒ ỌMỌ NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ìfáárà

Nígbà tí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń jíròrò lé lórí: ta ni ó jẹ̀bi, ta ni yóò san owó, àti ta ni yóò kó àwọn ọmọ. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó kan ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń fẹ́ra, tí a kò sì pè nígbà tí a ń túká. Ọmọ ni ẹni náà. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ipò tí ọmọ wà nínú ìtàn ìkọ̀sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ayé àwọn baba ńlá wa títí di ìgbà tí òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé dé.

Èrò méjì ni ó gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé kò sí ìkọ̀sílẹ̀ rárá láyé àtijọ́, pé òyìnbó ni ó gbé e dé, àti pé bí a bá lè padà sí àṣà wa, ìyà ọmọ yóò dópin. Àwọn mìíràn gbà pé bí ẹrù lásán ni àwọn baba wa ṣe ń pín ọmọ, pé òfin inú ìwé ni ó gba ọmọ là. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kún ojú òṣùwọ̀n nínú méjèèjì. Ohun tí a ó fi hàn ni pé, fún ìgbà pípẹ́, ìbéèrè kan náà ni àṣà àti kóòtù jọ ń béèrè: ‘Ta ni ó ni ọmọ?’ Ìbéèrè kejì, ‘Kí ni ó wà lọ́kàn ọmọ?’, pẹ́ kí ó tó wọ inú òfin. Síbẹ̀, àwọn àgbà wa mọ ìbéèrè náà. Wọ́n fi í pamọ́ sí ibi tí àwọn òpìtàn kì í sábà wò, èyí ni inú àlọ́, inú oríkì, àti inú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lójoojúmọ́.

Láyé àwọn baba ńlá wa

Alùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Nínú ìwé náà ó sọ pé ìtúká ìgbéyàwó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí a fi lè sọ pé kò sí. Síbẹ̀, òun kan náà ni ó ka àwọn ohun tí ó lè fà á: kí aya bá ẹbí ọkọ rẹ̀ ṣe panṣágà, olè jíjà, gbèsè lemọ́lemọ́ tí ó lè kó wàhálà bá ilé, àti ìwà ìkà ọkọ tí ẹlẹ́rìí wà fún. Bí ohun kan kò bá sí rárá, a kì í ka ìdí tí ó ń fà á. Èdè wa pàápàá jẹ́rìí sí i. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan, ilémosú, fún obìnrin tí ó kúrò nílé ọkọ tí ó padà sí ilé bàbá rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ń padà bẹ́ẹ̀, èdè kì bá má ní orúkọ fún un.

Ohun tí ó mú kí ìkọ̀sílẹ̀ ṣọ̀wọ́n kò ṣòro láti rí. Ìdílé méjì ni ó ń fẹ́ ara wọn, kì í ṣe ènìyàn méjì. Alárinà ti rìn, wọ́n ti ṣe ìdáná, àwọn àgbà ti súre, àná sì ti di ẹbí. Bí ìjà bá dé, ẹ̀bẹ̀ a kọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ìyálé, lẹ́yìn náà láti ọ̀dọ̀ baálé, kí àwọn òbí ìyàwó tó dá sí i. Bí obìnrin bá sá wálé lẹ́ẹ̀kíní, wọn a rọ̀ ọ́, wọn a sì mú un padà. Ẹ̀bẹ̀ a máa gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbínú ń rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ibi ìtúká. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ń dúró nítorí ọmọ nìkan, nítorí wọ́n mọ̀ dájú pé bí àwọn bá lọ, ọmọ kò ní bá àwọn lọ.

Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé lórí ọmọ kò ṣe ìdánudúró. Ọmọ tí ó ṣì wà lẹ́nu ọmú a bá ìyá rẹ̀ lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fún un ní ọmú ju ìyá rẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá já a lẹ́nu ọmú, èyí tí ó lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìbí, àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀ a wá mú un. Àwọn tí ó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í kúrò nílé bàbá rárá. Kì í ṣe ìkà ni ó bí ìlànà yìí. Ilé bàbá ni orílẹ̀ wà, ibẹ̀ ni èèwọ̀ wà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ oko, oyè àti iṣẹ́ àjogúnbá wà. Ọmọkùnrin tí ó bá dàgbà sí ibòmíràn lè padà wá bá a pé àjèjì ni òun lórí ilẹ̀ bàbá òun. Kò sì rí bákan náà níbi gbogbo. P. C. Lloyd, tí ó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ìdílé Yorùbá láàrin ọdún 1950 sí 1970, fi hàn pé ní Ìjẹ̀bú àti Òndó ọmọ lè ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ láti ìhà ìyá pẹ̀lú, nígbà tí ó jẹ́ pé ìhà bàbá ni a ń tẹnu mọ́ ní Adó-Èkìtì. Nítorí náà, ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ mú kúrò lọ́wọ́ ọmọ kò lè jẹ́ bákan náà ní gbogbo ìlú.

Àǹfààní kan wà nínú ètò yìí tí a kò gbọdọ̀ fojú rénà. Ọmọ kò ṣí nílé. Ẹní tí ó ń sùn lé kò yí padà, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣeré òṣùpá kò yí padà, ìyá bàbá rẹ̀ ṣì ń bẹ níbẹ̀, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ṣì ń pè é ní oríkì rẹ̀. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agbo ilé, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Bí iṣẹ́ ilé ṣe rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wo agbo ilé náà dáadáa. Bí ọkọ bá ní aya púpọ̀, ìyá kọ̀ọ̀kan ni ó ń jà fún ọmọ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ya ọmọ ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan. Àwọn ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí àṣírí wọn sì jọ wà pọ̀. Nígbà tí bàbá bá kú, ọ̀nà kan tí a ń gbà pín ogún ni ìdí-igi, nínú èyí tí a ń ka iye ìyá kí a tó ka iye ọmọ. Èyí fi hàn pé ti bàbá ni ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ìyá ni ó ti ń rí ààbò nínú ilé bàbá náà. Nígbà tí ìyá bá lọ, ọmọ ṣì ní ilé, ṣùgbọ́n kò ní ẹni tí yóò bá a gba ẹran sílẹ̀ nínú ìkòkò tàbí tí yóò gbèjà rẹ̀ bí ìjà bá dé láàrin àwọn ọbàkan. Ìhà yìí ni àwọn tí ń yin ayé àtijọ́ sábà máa ń gbàgbé.

Ohun tí àlọ́ àti oríkì fi pamọ́

Bí a bá wá ọ̀rọ̀ ọmọ nínú àwọn ìwé tí a kọ nípa òfin àti àṣà Yorùbá, irú èyí tí A. K. Ajísafẹ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1924, a ó rí i pé ẹ̀tọ́ bàbá, ẹ̀tọ́ ìyá àti ẹ̀tọ́ ìdílé ni ó gba iwájú. Ẹkún ọmọ kò sí nínú ìwé òfin. Ibi tí a ti lè gbọ́ ọ ni inú àlọ́.

Irú àlọ́ kan wà tí a ń pa ní oríṣiríṣi ọ̀nà káàkiri ilẹ̀ wa. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ ìyàwó bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí ó lọ fọ abọ́ lódò, odò sì gbé ìpọn kan lọ. Ìyàwó bàbá ní àfi kí ó lọ wá ìpọn náà dé ibi yòówù tí odò gbé e lọ. Ọmọ náà tẹ̀ lé omi, ó pàdé àwọn ẹ̀dá àjèjì, ó bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n sì ta á lọ́rẹ. Nígbà tí ìyàwó bàbá rí èyí, ó rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n ìwà ọmọ yẹn kò dára, ìyà ni ó sì kó bọ̀ wálé. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ báyìí, ikú ni ó mú ìyá lọ, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Síbẹ̀ ipò ọmọ kan náà ni: ìyá kò sí nílé, ẹlòmíràn ni ó ń bu oúnjẹ.

Bí a bá fi ojú òpìtàn wo irú àlọ́ yìí, ohun mẹ́ta ni ó hàn sí wa. Èkíní ni pé àwọn àgbà mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ọmọ tí kò ní ìyá nílé lè di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Ìpọn kan ṣoṣo tó láti lé e jáde. Èkejì ni pé wọ́n mọ̀ pé ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ó ń rìn lọ ni, kò sì sí ibi tí ó ti ń sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Orin inú àlọ́ ni ó sábà máa ń sọ ọ́ fún un. Ẹ̀kẹta ni ibi tí a ti ń pa àlọ́ náà. Nínú agbo ilé ni, lálẹ́, níbi tí ìyàwó bàbá gan-an lè jókòó sí tí yóò máa gbọ́. Ẹjọ́ tí kò sí baálé tí yóò dá a ní gbangba ni ìyá àgbà ń dá nínú àlọ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Oríkì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Orúkọ oríkì bí Àjọkẹ́ sọ fún ọmọ pé ẹni tí a pawọ́ pọ̀ kẹ́ ni, kì í ṣe ẹni tí ẹnì kan ṣoṣo kẹ́. Nígbà tí akéwì ìdílé bá sì ń ki ènìyàn, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìhà bàbá kí ó sì yà sí ìhà ìyá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kúrò nílé, tí a ṣì ń fi orílẹ̀ ìyá rẹ̀ kí i, mọ̀ pé a kò pa orúkọ ìyá òun rẹ́. Bí a ti ń fi ọkàn ọmọ balẹ̀ nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé nípa rẹ̀.

Kóòtù dé

Ní ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1876 wọ́n dá kóòtù gíga sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì là á sílẹ̀ pé àwọn adájọ́ lè tẹ̀ lé òfin ìbílẹ̀ bí kò bá ti lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ìwà ọmọlúwàbí lójú tiwọn. Ní 1884 ni òfin ìgbéyàwó olórùka dé, ọkọ kan aya kan. Láti ìgbà náà ni oríṣi ìgbéyàwó méjì ti wà lábẹ́ òfin ìlú kan náà, ìkọ̀sílẹ̀ wọn kò sì gba ọ̀nà kan náà.

Ní òkè ilẹ̀, ìyípadà gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Judith Byfield, tí ó ṣe ìwádìí lórí ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàrin ọdún 1892 sí 1904, fi hàn pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí ń kúrò nílé ọkọ di ohun tí ó ká àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá lára ní àkókò náà. Ojú irin ti ń kọjá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nígbà yẹn, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Owó wọlé, iṣẹ́ ọba wọlé, ọ̀nà là, obìnrin tí ó ń ṣòwò sì lè rí owó tirẹ̀ mú dání. Lẹ́yìn Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti ọdún 1914, kóòtù ìbílẹ̀ tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ìlú. Obìnrin tí ìyà ń jẹ, tí ẹbí rẹ̀ sì ti dá padà sílé ọkọ léraléra, rí ibi tí ó ti lè dá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí a fojú kékeré wo èyí. Ìtúsílẹ̀ ni ó jẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin. N. A. Fádípẹ̀, nínú iṣẹ́ tí ó parí ní 1939 tí a sì tẹ̀ ní 1970, wà lára àwọn tí ó ṣàlàyé bí ìjọba àjèjì ṣe mú kí ìkọ̀sílẹ̀ pọ̀ sí i.

Kí ni ìyípadà náà ṣe fún ọmọ? Ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ tí ó gùn ti kúrú. Dípò ìdílé méjì, ènìyàn méjì ni ó dúró níwájú adájọ́, akọ̀wé sì ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Kókó ẹjọ́ sì di owó: èló ni ọkọ ná lórí ìdáná, èló ni yóò gbà padà, ta ni yóò san án? Ọkùnrin tí obìnrin náà fẹ́ lọ fẹ́ ni ó sábà máa ń san owó náà. Nígbà tí owó bá ti pé, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n béèrè iye ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí a lè mọ ẹni tí yóò kó wọn ni. Òwe kan tilẹ̀ jáde láti inú ìrírí àkókò yìí: a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ àyálò tí ó wà nínú rẹ̀ fi hàn pé òwe náà kò dàgbà ju kóòtù lọ. Ohun tí ó ń sọ burú fún ọmọ ju fún ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọmọ nìkan ni kò lè ṣàìbá àwọn méjì tí kì í ṣọ̀rẹ́ mọ́ ṣe ọ̀rẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n ‘ta ni ó ni ọmọ’ lè gbé ènìyàn dé hàn nínú ẹjọ́ kan ní ọdún 1932. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti wá, ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó ń darí gbogbo kóòtù ìjọba. Ọkùnrin kan ní òun ni òun ni ọmọ tí aya òun bí fún ọkùnrin mìíràn, nítorí wọn kò tíì dá owó ìdáná òun padà. Adájọ́ kọ̀. Ó ní bí àṣà bẹ́ẹ̀ bá tilẹ̀ wà, ó lòdì sí ẹ̀tọ́. Ìdájọ́ náà di àpẹẹrẹ fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e, nítorí ó la owó àti ọmọ láàrin.

Ó yẹ kí a mẹ́nu ba ìlànà àwọn Mùsùlùmí níhìn-ín, nítorí wọ́n pọ̀ láàrin wa. Nínú ẹ̀ka òfin Màlíkì tí ó gbilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyá ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tọ́ ọmọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀: ọkùnrin títí yóò fi bàlágà, obìnrin títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Bí ìyá kò bá lè ṣe é, ìyá rẹ̀ ni ó kàn, bàbá ni yóò sì máa gbọ́ bùkátà. Ìlànà yìí yàtọ̀ pátápátá sí ti ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n kóòtù ìbílẹ̀ ni ìjọba dá sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa, kì í ṣe ti Ṣàríà. Nítorí náà ìlànà náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ìdájọ́.

Láti orí ‘ta ni ó ni ín’ sí orí ‘kí ni ire rẹ̀’

Ìyípadà ńlá nínú òfin bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀. Nínú Òfin Kóòtù Ìbílẹ̀ ti ọdún 1957, a kà á pé nínú ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ, ire ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ gba iwájú ohun gbogbo. Ní ọdún kejì, 1958, ìjọba ṣe ìlànà kan lórí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ìtọ́jú ọmọ, tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà: ìtọ́jú ọmọ wà nínú àkọlé fúnra rẹ̀, kò fara pamọ́ sábẹ́ owó ìdáná mọ́.

Fún àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó olórùka, òfin tuntun dé ní ọdún 1970. Òfin náà mú ìtúká ìgbéyàwó kúrò lórí pé ta ni ó ṣẹ̀, ó gbé e lé pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó tún sọ pé ire àwọn ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ kà sí pàtàkì jù lọ, àti pé, yàtọ̀ sí ìgbà tí ìdí pàtàkì bá wà, ìtúká kò ní fìdí múlẹ̀ tán títí adájọ́ yóò fi rí i pé ètò tí ó tọ́ wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì dàgbà. Kò kan àwọn tí ìgbéyàwó wọn jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí ti ìbílẹ̀ pẹ̀lú: pé àṣà fún bàbá ní ẹ̀tọ́ sí ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòtù kò ní fi ipá mú ẹ̀tọ́ náà ṣẹ níbi tí yóò ti ṣe ọmọ ní ibi.

Ọdún kan náà, 1989, ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 1991, ó sọ ọ́ di òfin ilé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ọ̀rọ̀ méjì nínú àdéhùn náà kan ẹjọ́ tí a ń rò yìí. Ọ̀kan sọ pé ọmọ tí ó yà kúrò lọ́dọ̀ òbí kan ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí náà déédéé, àfi bí ó bá lè pa á lára. Èkejì sọ pé ọmọ tí ó bá ti lè ní èrò tirẹ̀ gbọ́dọ̀ láǹfààní láti sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ tí ó kàn án. Ìgbà yìí ni ìbéèrè tí ìyá àgbà ti ń dá lóhùn nínú àlọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú òfin.

Nígbà tí wọ́n bi ọmọ léèrè

Kí òfin tó dé ibẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọmọ léèrè. Ní ọdún 1971, Judith Wallerstein àti Joan Kelly bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, láàrin ọgọ́ta (60) ìdílé tí òbí ti kọ ara wọn, pẹ̀lú ọmọ 131. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1980. Ayé àwọn ọmọ náà kò jọ ti agbo ilé wa, a kò sì lè gbé gbogbo ohun tí wọ́n rí wá síbí bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yẹ ní gbígbọ́. Àwọn tí ó kéré jù ń bẹ̀rù pé bí òbí kan bá lè lọ, èkejì náà lè lọ. Àwọn mìíràn nínú wọn rò pé ìwà àwọn ni ó lé òbí náà. Àwọn tí ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá ń bínú, wọ́n sì máa ń gbè sẹ́yìn òbí kan láti bá èkejì jà. Àwọn tí ara wọn yá lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àwọn tí òbí wọn dẹ́kun ìjà, tí wọ́n sì ṣì ń rí ìyá àti bàbá.

Ẹ fi èyí wé ohun tí a ti sọ ṣáájú. Agbo ilé fún ọmọ ní ilé tí kò ṣí, ó sì fún un ní igba ojú, ṣùgbọ́n ó lè gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòtù tú ìyá sílẹ̀ kúrò nínú ìyà, ṣùgbọ́n ó fi ọmọ sáàrin àwọn méjì tí kì í ṣọ̀rẹ́ mọ́. Òfin tuntun dárúkọ ire ọmọ, ṣùgbọ́n òfin kò lè pa àlọ́ fún ọmọ lálẹ́. Ohun tí ìtàn fi lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a to àwọn ohun rere wọ̀nyí pọ̀: ìtúsílẹ̀ fún òbí tí ìyà ń jẹ, ilé tí kò ṣí àti ọ̀pọ̀ ojú fún ọmọ, àti ọ̀nà sí ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì.

Ipa olùkọ́

Ní ayé tí agbo ilé ti fọ́ sí yàrá méjì-méjì ní ìgboro, ilé ẹ̀kọ́ ni ó kù tí igba ojú ṣì lè wà. Olùkọ́ sábà máa ń rí i ṣáájú ìdílé. Ọmọ tí ó máa ń náwọ́ kò náwọ́ mọ́; èyí tí kì í jà bẹ̀rẹ̀ ìjà; òmíràn ń sùn ní kíláàsì nítorí pé kò sùn nílé. Kí a tó na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹgba, ó yẹ kí a rántí ìpọn inú àlọ́, kí ẹ̀ṣẹ̀ kékeré má baà di ohun tí a ó fi lé e lọ sí odò jíjìn.

Àwa olùkọ́ Yorùbá ní ojúṣe kan tí ó jẹ́ tiwa. Àwa ni a ń ní kí ọmọ kọ àròkọ lórí ‘Ìdílé Mi’, àwa ni a ń ní kí ó lọ béèrè oríkì orílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Iṣẹ́ tí ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ lè di ìtìjú fún ẹni tí kò tíì rí bàbá láti ọdún tí ó kọjá. A kò ní kí a má fún wọn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a ṣí ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀: kí ọmọ lè béèrè oríkì ìhà ìyá tàbí ìhà bàbá, lọ́wọ́ ìyá àgbà tàbí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí a bá sì ń kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàrin ọmọ ìyá àti ọbàkan, tàbí ìtumọ̀ ilémosú, kí a má sọ ọ́ bí ẹni ń fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ilémosú lè wà níwájú wa.

Ó sì yẹ kí a lè bá òbí sọ̀rọ̀ tìtẹríba-tìtẹríba nígbà tí wọ́n bá wá sílé ẹ̀kọ́. Kí wọ́n má ṣe rán ọmọ níṣẹ́ ìjà sí ara wọn. Kí wọ́n má ní kí ó yan ẹni tí ó fẹ́ràn jù. Kí àwọn méjèèjì fi ẹnu ara wọn sọ fún un pé kì í ṣe òun ni ó fà á. Kí a má sì ya ọmọ ìyá nípa, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ohun tí ojú ara wọn rí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìkọ̀sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ó ṣọ̀wọ́n ni. A ti rí i pé àṣà dá ọmọ padà sí ilé bàbá nítorí ilẹ̀, orúkọ àti ààbò, ṣùgbọ́n tí ó bá mú ìyá kúrò, ó mú ẹni tí ń gbèjà ọmọ nínú ilé náà kúrò pẹ̀lú. A ti rí i pé kóòtù mú ẹjọ́ yára, ó sì sọ ọ́ di ti owó, títí òfin ọdún 1957, 1970 àti 2003 fi gbé ire ọmọ síwájú. A sì ti rí i pé àwọn àgbà tí ń pa àlọ́ ti mọ ohun tí ń ṣe ọmọ kí òfin tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè àtijọ́ náà, ta ni ó ni ọmọ, kò ní kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú orúkọ tí àwọn àgbà fún ọmọbìnrin kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ilé yóò dúró tàbí yóò túká. Àjọkẹ́ ni wọ́n pè é. Tọkọtaya lè má jọ gbé mọ́, wọ́n sì lè má jọ sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n kíkẹ́ ọmọ ṣì jẹ́ àjọṣe wọn títí ọmọ yóò fi dàgbà.